Àbájáde Tí Kò Mọ Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kọ sójú rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, bí ẹ bá sọ ọ́ fún wèrè, wèrè á ní kí ẹ rọra. Ó ní: "Àbájáde yìí kì í ṣe Àbájáde." Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kọ ọ́ títí ojú rẹ̀ fi kún, bí ẹni tó dúró síwájú dígí tó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Ìwọ yìí, ọmọ ta ni?"

Obìnrin tó jókòó tì í kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ọ́fíìsì ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà níbẹ̀, lórí àga kan ṣoṣo, títí ibi tó máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé lórí tábìlì fi ń dán bí orí apárí. Kò sí ẹni tó bá níbẹ̀ àfi Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òun ni wọ́n ń pè. Bó bá sì ti ní ó dáa, ó dáa náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í tún un yẹ̀ wò.

Ọ̀gá yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo la dé?"

"A ṣì wà lọ́nà, Ọ̀gá."

"Ọ̀nà yẹn mà gùn o. Ọjọ́ Ajé la ti ń rìn ín. Ilé ìwòsàn ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní ni òpin. Tí kò bá ṣiṣẹ́, màá yọ apá tuntun yẹn kúrò, ká padà sí bá a ṣe wà tẹ́lẹ̀." Ó gbìyànjú láti rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Ọ̀gá kò mọ ìrẹ̀lẹ̀, gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. "Ẹni tó kọ ọ́ náà, oṣù mẹ́ta ìdánwò rẹ̀ pé lónìí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo máa kọ síwèé nípa rẹ̀."

Ẹni tí wọ́n ń wí jókòó nídìí fèrèsé, ó ń nu awò ojú rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Oní-rédíò ni wọ́n ń pè é. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, títí kò fi sí ẹni tó ń gbé rédíò wá mọ́. Nígbà tó rí i pé ìyàwó kan àti ọmọ méjì kò lè máa gbọ́ orin ní oúnjẹ, ó kó sáàárín àwọn ọmọ tó lè bí, ó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì yìí ló kọ́kọ́ fún un ní àga.

Ètò tí wọ́n kọ fún ilé ìwòsàn náà, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wọn lè fi ojú ilé oníyàrá púpọ̀ wò ó. Yàrá kan ń gba àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọlé, ọ̀kan ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́ síwèé fún dókítà. Yàrá tuntun tí Oní-rédíò kọ́ ni yàrá ìkìlọ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan bá fi ewu hàn, fóònù nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dún lójú ẹsẹ̀. Kó tó dìgbà yìí, àbájáde á kàn jókòó sínú kọ̀ǹpútà bí àlejò tí kò rí ẹni kí i, títí ẹnìkan á fi rántí rẹ̀. Ọ̀kan ti jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí márùn-ún rí. Aláìsàn yẹn kò kú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ló bá a ṣe é, kì í ṣe ètò wọn.

Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ìránṣẹ́ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní agbéwọlé. Bí yàrá bá fẹ́ lo irú nǹkan kan, agbéwọlé á lọ gbé kíláàsì nǹkan náà wá. Kíláàsì kò sì ju àpótí onígi tí àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù ń da sìmẹ́ǹtì sí lọ: bí àpótí bá ti rí ni búlọ́ọ̀kù á ṣe rí. Àpótí tó ń jẹ́ Àbájáde wà ní yàrá àjùmọ̀lò, ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo agbéwọlé ti lọ mú un. Ìdí nìyí tí Ẹ̀gbọ́n fi kọ òfin kan ní lẹ́tà gàdàgbà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌ́DỌ̀ KÓ Ẹ̀DÀ OHUN ÀJÙMỌ̀LÒ SÍNÚ YÀRÁ TIRẸ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tí àṣìṣe yìí kọ́kọ́ yọjú, Ẹ̀gbọ́n ò tilẹ̀ jókòó kó tó dájọ́. Ó dúró sáàárín ọ́fíìsì, ó nawọ́ sí ògiri.

"Ìwọ Oní-rédíò, ṣé ojú rẹ ò ríran tó yẹn ni? Ẹ̀dà lo kó wọlé! Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń ṣe é nídìí rédíò, kí kálukú máa kó ẹ̀yà tirẹ̀ sápò?"

Ọkùnrin náà dìde dúró, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Kò sọ pé òun ṣe é, kò sọ pé òun ò ṣe é. Ẹ̀gbọ́n gba "ẹ má bínú" yẹn bí ìjẹ́wọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ti kó gbogbo fáìlì àtijọ́ dànù, wọ́n ti pa ẹ̀rọ, wọ́n ti tàn án, wọ́n ti ka nọ́ńbà ẹ̀dà yàrá kọ̀ọ̀kan wò bóyá ògbólógbòó kan ló ṣì ń jókòó sípò tuntun. Pàbó ni. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ohun tó yẹ kí Ẹ̀gbọ́n ṣe lọ́jọ́ Ajé ló wá ṣe lọ́jọ́bọ̀: ó ṣí yàrá ìkìlọ̀ Oní-rédíò, ó wò ó fínnífínní. Kò sí ẹ̀dà kankan níbẹ̀. Yàrá náà mọ́ bí ilẹ̀ tí ìyàwó tuntun gbá. Àpótí kankan kò sí níbẹ̀ tí kì í ṣe pé ó lọ yá a lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ojú ti Ẹ̀gbọ́n bí àgbàlagbà tó pe ọmọ lólè ẹran tán kó tó wá ṣí ìkòkò, tó bá ẹran níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì tó jókòó lódì kejì tábìlì gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀. Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ni láti máa fọ́ ohun tí àwọn yòókù bá kọ́, kí àwọn aráàlú má baà fọ́ ọ. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà púpọ̀.

"Kí ló tún wí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ní Àbájáde kì í ṣe Àbájáde."

"Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ o."

"Òótọ́ wo nínú ìyẹn?"

"Àwọn méjì tó wà nílé mi ńkọ́? Ojú kan náà, imú kan náà. Ìyá ọkọ mi ò tíì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ẹ na ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá èkejì á sunkún. Ẹ̀rín lá máa rín! Ẹ ti bi kọ̀ǹpútà yín pé Àbájáde mélòó ló wà nílé?"

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n dúró lórí bọ́tìnnì. Ó mọ̀ ọ́n, ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n, ó kàn jẹ́ pé ìmọ̀ náà ti lọ sùn sí kọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀rọ kì í wo orúkọ nìkan. Orúkọ àti agbéwọlé tó gbé nǹkan wọlé, àwọn méjèèjì ló ń wò pọ̀. Bí agbéwọlé méjì bá lọ gbé àpótí méjì wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí omi àti omi, àjèjì pọ́nbélé ni búlọ́ọ̀kù ti ìhín sí búlọ́ọ̀kù ti ọ̀hún.

Ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé gbogbo kíláàsì tó bá ń gbé wọlé, kó máa sọ ibi tó ti mú un. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ti dí lẹ́nu fún ọdún kan. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ìlà. Ẹ̀gbọ́n ní kó yọ èyí tó bá kan Àbájáde nìkan fún òun.

Ìlà méjì péré ló kù. Èkíní wá láti yàrá àjùmọ̀lò, bó ṣe yẹ. Èkejì wá láti yàrá ìgbàwọlé, ibi tí àbájáde ti ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Yàrá ìgbàwọlé yìí, Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èyí kò tilẹ̀ yà nílé. Iwájú orí ẹni tó jù ú ló padà sí.

Ó ṣí i. Ẹ̀dà náà jókòó síbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, orúkọ Ẹ̀gbọ́n lórí rẹ̀, ọjọ́ tó kọ ọ́ lábẹ́ rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ fún ara rẹ̀: "Fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Màá yọ ọ́."

Gbogbo rẹ̀ wá ń padà bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà yẹn, yàrá àjùmọ̀lò kì í gbé ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n má tú u kí wọ́n má tún un tò. Bí wọ́n bá ti tú u, yàrá ìgbàwọlé á dákú, àwọn aláyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ á sì máa pariwo lórí fóònù. Ìyá Ẹ̀gbọ́n, aránṣọ tó bá obìnrin márùn-ún pín ṣọ́ọ̀bù, kì í fi sísọ́ọ̀sì tirẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, ìdí rẹ̀ ló máa ń so ó mọ́. Ó máa ń ní, "Ohun tí gbogbo ọwọ́ bá ń dì mú, kì í mú." Ọ̀rọ̀ ìyá ló bá lọ. Ó ṣe ẹ̀dà àpótí Àbájáde, ó gbé e sínú yàrá rẹ̀, ó sì sọ fún agbéwọlé ibẹ̀ pé, "Kọ́kọ́ wo ilé kó o tó wo ìta." Yàrá rẹ̀ kò dákú mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù, oṣù di ọdún, òun kan náà ló wá kọ òfin mọ́ ògiri. Ẹni tó yàgbẹ́ ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ohun tó jẹ́ kó pẹ́ kó tó hàn ni pé títí di ọjọ́ Ajé, kò sí yàrá tó ń gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ yàrá ìgbàwọlé. Ó máa ń kọ ohun tó rí sínú ìwé, àwọn yòókù á ka ìwé, kálukú á sì yọ búlọ́ọ̀kù tirẹ̀. Oní-rédíò ló kọ́kọ́ rò ó pé ìwé kíkà yẹn ń fi àkókò ṣòfò, ó ní kí wọ́n fa búlọ́ọ̀kù lé òun lọ́wọ́ tààrà. Ọgbọ́n tó dáa ló gbé e pàdé àléébù ẹlòmíràn.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì rí i bó ṣe lè rí. Ó lè yọ ẹ̀dà náà ní jẹ́jẹ́. Nǹkan á ṣiṣẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní Ẹ̀gbọ́n ló tún un ṣe. Nínú ìwé Ọ̀gá, ó máa wà níbẹ̀ pé iṣẹ́ ẹni tuntun kọṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kí àgbà tó bá a gbé e dìde, ọkùnrin náà á sì kó ẹrù rẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, wọ́n ní. Ṣùgbọ́n ìka tó bá wà lórí tábìlì nìkan ni ọba ń rí.

Ó wo ọ̀ọ́kán. Oní-rédíò ń ká wáyà rẹ̀ jọ, ó ń fi í sínú àpò.

"Gbé àga rẹ wá síbí."

"Èmi, mà?"

"Àbí rédíò mìíràn tún wà níbí?"

Ó gbé àga wá. Ẹ̀gbọ́n tọ́ka sí ìlà méjèèjì. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó mi orí. Ẹnu kò yà á. Àìyàlẹ́nu yẹn ló ya Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu.

"O ti rí i tẹ́lẹ̀."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

"Mo ní o ti rí i."

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mà."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun! O wá dákẹ́? Aya ń bẹ nílé, ọmọ ń bẹ nílé, o dákẹ́?"

"Mi ò dákẹ́ pátápátá, mà. Mo bi yín léèrè."

"Kí lo bi mí?"

"Mo ní, tí ẹrù kan bá ń rùn nínú ọkọ̀, tó wá lọ jẹ́ ẹrù ẹni tó ni ọkọ̀, báwo ni èrò ẹ̀yìn ṣe máa sọ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n rántí. Ẹ̀fẹ̀ ló pè é. Ó ti rẹ́rìn-ín, ó ti dáhùn pẹ̀lú. "Mo ní kí èrò bọ́ọ́lẹ̀, kó fẹsẹ̀ rìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo wá gbà pé ìdáhùn nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n yí àga kọjú sí i. "Kí ló dé tó ò là á yé mi?"

"Orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀, mà. Òfin yín ló wà lára ògiri. Ẹ sì ti sọ níwájú gbogbo ayé pé èmi ni. Ta ni mo fẹ́ lọ bá pé ẹ̀yin ni?" Ó dé awò ojú rẹ̀ padà. "Nídìí rédíò, tí mo bá tú u tí mo rí i pé ọ̀gá mi ló so wáyà òdì, màá tún un so, màá dé e, màá ní bátìrì ló kú. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Kí ló wá dé tó ò tún èyí so?"

"Inú yàrá yín ni, mà. Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n fa àga sún mọ́ tábìlì. Ó yíjú sí iṣẹ́. Ó yọ ẹ̀dà náà, ó sọ fún agbéwọlé pé kó máa lọ sí yàrá àjùmọ̀lò bíi ti gbogbo èèyàn, ó tan ètò. Àṣìṣe àtijọ́ lọ. Kí wọ́n tó mí, tuntun dé: yàrá ìgbàwọlé ń ké pé òun ń wá nǹkan kan lára Àbájáde, òun ò rí i.

"Ìwọ̀n ni," ni Oní-rédíò wí. "Ẹ̀dà tiyín mọ ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀. Ti àjùmọ̀lò ò mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ ni. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, Ẹ̀gbọ́n ti fi nǹkan kan kún ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò méjì ló wà nílé ìwòsàn, wọn kì í lo ìwọ̀n kan náà, nítorí náà nọ́ńbà tó túmọ̀ sí àlàáfíà níhìn-ín lè jẹ́ ewu lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kàn yọ ẹ̀dà náà ní kọ̀rọ̀, tó sì fi ìkánjú pa àṣìṣe kejì lẹ́nu, ì bá rán ìkìlọ̀ èké sí àwọn nọ́ọ̀sì títí ọjọ́ á fi lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀gbọ́n mọ ìdí tí ìwọ̀n fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ka yàrá àjùmọ̀lò délẹ̀ kẹ́yìn. Oní-rédíò ti fi oṣù mẹ́ta kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà olólùfẹ́. Ọ̀kan ń sọ, èkejì ń kọ. Wọ́n gbé ìwọ̀n lọ sí yàrá àjùmọ̀lò, wọ́n sì wo yàrá tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó máa dun ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìyá Ìbejì wá dá aláìsàn kan tí kò sí láyé sílẹ̀ nínú ètò, ó fún un ní ẹ̀jẹ̀ tó burú jáì, ó tì í wọlé.

Fóònù tí wọ́n fi ń dán an wò dún. Ó gbọ̀n, ó ń rìn lórí tábìlì bí kòkòrò tó dojú dé. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀gá ti gbọ́ ọ láti yàrá rẹ̀. Ó sáré jáde, ó ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

"Mo ti mọ̀! Ẹ̀gbọ́n ṣì ni Ẹ̀gbọ́n! Oní-rédíò, o rí bí àgbà ṣe ń ṣe é?"

"Mo rí i, sà," ni Oní-rédíò wí, ó sì tẹ orí ba. "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n."

Ó fẹ́ dé rédíò náà padà. Ó fẹ́ ní bátìrì ló kú.

"Ọ̀gá, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Báwo?"

"Yàrá mi ni ẹ̀dà náà wà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí kò lábùkù. Ó ti rí àléébù mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rù mi ni kò jẹ́ kó sọ ọ́. Níwájú gbogbo yín ni mo ti bú u lọ́jọ́ Ajé, níwájú gbogbo yín náà ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Oní-rédíò, má bínú."

Ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà!"

Ọ̀gá gbé ife kalẹ̀ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an lẹ kọ òfin yẹn. Kí ló sún yín dé ibẹ̀?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ níbí? Nígbà náà lọ́hùn-ún, ta ló ń tú yàrá àjùmọ̀lò, tó ń tún un tò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Ọ̀gá tún gbé ife sẹ́nu. Tíì ti tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mu ún pẹ́.

Nígbà tó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ lótìítọ́. "Oní-rédíò, aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la. Má pẹ́." Ó yíjú. "Ẹ̀gbọ́n, ìwé máa lọ sí ilé ìwòsàn, orúkọ yín máa wà níbẹ̀. Láti òní lọ, iṣẹ́ yín kò ní jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ojú ta ni ó máa gbà kọjá?"

"Ojú ẹni tó rí tàkọ́kọ́ ni."

Ó dùn ún. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ pé kò dùn ún. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wà lórí àga yẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́wàá tó lù, Ẹ̀gbọ́n ti kọ ìlà bí ọgbọ̀n láti fi palẹ̀ yàrá ìgbàwọlé mọ́. Ó fi ránṣẹ́ sí ìdí fèrèsé. Oní-rédíò kà á. Ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó dé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ká ní ẹnìkan ń rìn lọ lójú ọ̀nà, tó wá gbàgbé láti wo bóyá afárá—"

"Ta ni ẹnìkan?"

"Mà?"

"Ẹnìkan tó ń rìn lójú ọ̀nà yẹn. Ṣé èmi ni?"

Ìyá Ìbejì gbójú sókè. Oní-rédíò nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀yin ni, mà. Ìlà kọkàndínlógún. Kò dáa. Bí àbájáde kan bá dé tí kò ní nọ́ńbà, gbogbo rẹ̀ máa wó lulẹ̀."

Kò dáa. Kò sí ẹni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí nínú ọ́fíìsì yẹn. Ẹ̀gbọ́n dì mọ́ apá àga rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀. Táyà àga ń ké wíínwíín lórí ilẹ̀ títí ó fi dé ìdí fèrèsé.

"Fi hàn mí," ó ní.